Ibi Tí Ẹ Bá Dúró Sí: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Ya Fọ́tò Ìgbéyàwó ní Èkó

Ọdún kẹta tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ fọ́tò ni mo ya ìdána kan ní Sùúrùlérè. Ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, àdúrà bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo wá sọ ojú kalẹ̀ láti wo ẹ̀yìn kámẹ́rà bóyá ohun tí mo yà dára. Kí n tó gbójú sókè, ohùn bàbá ti há sí i lọ́fun, ó ti fi etí agbádá nu ojú, ó sì ti ń bá àdúrà rẹ̀ lọ. Mi ò rí i yà. Lọ́jọ́ tí mo gbé álíbọ́ọ̀mù délé wọn, màmá ìyàwó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún padà sí àárín, ó ní, "Ọmọ mi, èyí tí dádì wọn ti sunkún ńkọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọ̀rọ̀ màmá yìí kọ́ mi níṣẹ́ ju gbogbo ohun tí mo rí wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń bi mí pé, "Ọ̀gá, níbo lẹ ti ń rí irú fọ́tò wọ̀nyí?", bí ẹni pé òjò ni imísí, tó ń rọ̀ sórí ẹnì kan tí kò rọ̀ sórí ẹlòmíràn. Ohun tí èmi rí ni pé ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀, tó sì ti lọ dúró síbi tó máa ti ṣẹlẹ̀, òun ló máa ń rí fọ́tò àìròtẹ́lẹ̀, èyí tí àwa onífọ́tò ń pè ní candid. Àìròtẹ́lẹ̀ ni fún àwọn tó wà nínú fọ́tò. Ẹni tó di kámẹ́rà mú gbọ́dọ̀ ti rò ó tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ètò náà bí alága ṣe mọ̀ ọ́n

Kí ẹ tó gba iṣẹ́ ìdána fúnra yín, ẹ lọ jókòó sí ìdána mẹ́ta láìgbé kámẹ́rà dání. Sátidé Èkó kan ò lè kọjá kí ẹ má rí èyí tí wọn yóò pè yín sí. Ẹ kàn máa wo ojú àwọn ènìyàn. Ẹbí ọkọ yóò wọlé, wọn yóò kúnlẹ̀, alága ìdúró yóò máa bá wọn bẹ̀bẹ̀, alága ìjókòó yóò máa dá wọn dúró, yóò máa gbowó lọ́wọ́ wọn. Wọn yóò ka ìwé ìtọrọ. Ọkọ yóò wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn yóò nà gbalaja níwájú àwọn àna. Ìyàwó yóò jó wọlé nínú ìbòjú. Wọn yóò fi oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare wúre. Ìyàwó yóò mú fìlà, yóò dé e fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí yóò dá owó orí padà, wọn yóò ní àwọn ò ta ọmọ.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì kọ ibi tí ojú yẹ kó wà sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ bá ń dọ̀bálẹ̀, gbogbo onífọ́tò ló ń ya ẹ̀yìn agbádá. Ẹ yí padà kí ẹ wo àwọn àbúrò ìyàwó tó ń wò ó, ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Fún ìgbà tí ìyàwó yóò kúnlẹ̀ fún àdúrà, ẹ ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ àga àwọn òbí kó tó wọlé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi tí lẹ́ǹsì yóò fi bá ojú ìyàwó dọ́gba. Láti ibẹ̀, ẹ kàn máa yí ẹsẹ̀ díẹ̀ ni, ẹ ti rí ojú bàbá. Títí àdúrà yóò fi parí, ẹ má wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Èmi fi téèpù dúdú bo ti tèmi fún oṣù méjì gbáko kí n tó jáwọ́ nínú àṣà yẹn.

Ìgbà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rí. Bí ìyàwó bá ti lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ báyìí, tí orin gbóná, ẹ wá ìyá rẹ̀. Yóò ti dìde. Yóò ní òun fẹ́ lọ wo bí oúnjẹ ṣe ń lọ sí. Mo tẹ̀ lé ọ̀kan jáde lọ́jọ́ kan ní Mushin. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kúlà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń tún gèlè ṣe, bẹ́ẹ̀ gèlè náà kò yẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣáà wà lórí gèlè náà, kò gbé wọn kúrò. Mo ya ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo padà sínú. Fọ́tò yẹn ni wọ́n fi sójú ewé tó kẹ́yìn nínú álíbọ́ọ̀mù.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí rọrùn láti sọ: ẹ béèrè kí ọjọ́ tó pé. Ibòmíràn kò fẹ́ fláàṣì nígbà ìsìn, ibòmíràn ní ibi tí onífọ́tò kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ní Nikáà, ẹ mú obìnrin kan mọ́ iṣẹ́ náà kó lè wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Ní ti ríjísírì Ìkòyí, ètò inú ilé kì í pẹ́, ìta ni ayọ̀ ti ń bú jáde, nítorí náà ẹ sáré jáde ṣáájú ọkọ àti ìyàwó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kí wọn kí ẹ tó ya wọ́n

Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Mainland lọ sí Island, ẹ tètè gun afárá Third Mainland láàárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò mọ̀ pé ẹ ní ìyàwó láti yà.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa ń wá ni alága ìjókòó, nígbà tó ṣì ń mu omi tí kò tíì gba máìkì. "Ẹ kú ìmúra, mà. Èmi ni mo ń ya fọ́tò lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ku díẹ̀ kí ìyàwó mú fìlà, ẹ ṣáà wo ọ̀dọ̀ mi." Ọ̀kan dá mi lóhùn ní Àgége pé, "Ó ti yé mi, ọmọ mi. Àmọ́ ẹ má dúró sí ọwọ́ ọ̀tún mi o, ibẹ̀ ni mo ti ń wo ẹbí ọkọ." Ìṣẹ́jú kan péré la fi sọ ọ́, ó sì gbà wá lọ́wọ́ wàhálà gbogbo ọjọ́ náà. Ẹ bá ẹni tó ń ya fídíò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ pín ibi tí kálukú yóò dúró sí, kí èjìká rẹ̀ má baà wà nínú gbogbo fọ́tò yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú ìnáwó o, mà. Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹ́ní." Ẹni tí ẹ ti kí kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù kámẹ́rà yín mọ́.

Ẹnì kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí dáadáa ni onígángan. Òun ló ń darí ijó. Tó bá rí ẹni tó fẹ́ kì, yóò rọra máa súnmọ́ ọn, yóò tẹ orí ìlù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì onítọ̀hún. Ẹ má ya ìlù. Ẹ lọ dúró síbi tí ẹ ti lè rí ojú ẹni tí wọ́n ń kì. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, tí kò rẹ́rìn-ín látàárọ̀, ìgbà tó bá gbọ́ oríkì bàbá rẹ̀ lẹ́nu gángan, ìka rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mì lórí ọ̀pá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnu yóò ṣí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò dìde. Ẹ ní bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láàárín ìka àti ìdìde yẹn, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ìmọ́lẹ̀ Èkó

Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn. Bó ṣe ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, ó gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́. Tí ẹbí bá wọ léèsì funfun láti orí dé ẹsẹ̀, yóò sọ funfun náà di eérú, ojú àwọn tó wọ̀ ọ́ yóò sì ṣókùnkùn. Tí wọ́n bá wọ ẹtù, tó dúdú minimini, yóò tanná jù, awọ wọn yóò sì rí bíi ti ẹni tó bóra. Awọ ojú ni kí ẹ fi díwọ̀n, kì í ṣe aṣọ. Níbi tí léèsì funfun bá pọ̀, mo máa ń fi bíi sítọ́ọ̀pù kan kún un, ìyẹn ni pé mo ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ kámẹ́rà di ìlọ́po méjì, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí iṣẹ́ ọnà ara léèsì má baà parẹ́.

Lọ́sàn-án gangan, oòrùn Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí, gèlè ńlá yóò sì da òjìji bo iwájú orí àti ẹyinjú. Ẹ mú wọn wá sí etí kánópì, kí wọ́n kọjú síta. Ẹ wo àwọ̀ kánópì náà pẹ̀lú, nítorí kánópì pupa máa ń sọ gbogbo ènìyàn di pupa. Bákan náà ni fláàṣì: tí òrùlé gbọ̀ngàn bá funfun, ẹ kọjú fláàṣì sókè kí ìmọ́lẹ̀ rọra rọ̀ bo wọ́n. Tí àwọn oní-dẹkọréṣọ̀n bá ti fi aṣọ àwọ̀ pọ́pù bo òrùlé náà, ẹ jáwọ́ níbẹ̀, ẹ wá ògiri mìíràn.

Fún ijó, tí kámẹ́rà bá ṣí ojú fún 1/250 ìṣẹ́jú àáyá, ó tó láti mú ẹsẹ̀ dúró. Tí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹgọ́ onílù fò bí atẹ́gùn nígbà tí ojú rẹ̀ dúró, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 1/30, kí ẹ di èémí mú. Kókó kan tún rèé tó ti dójú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn: tí kámẹ́rà bá ti tutù nínú ọkọ̀ tàbí gbọ̀ngàn tó ní ẹ́sì, tí ẹ bá gbé e jáde sínú ooru, ìkùukùu yóò bo lẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì tí ẹ pa zíìpù rẹ̀ dé fún bíi ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n kí ẹ tó ṣí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Fọ́tò 36, ọjọ́ tí kò síṣẹ́

Ojú tí ẹ ń gbé lọ sóde àríyá, àárín ọ̀sẹ̀ lẹ ti ń pọ́n ọn. Ẹ mú kámẹ́rà kan àti lẹ́ǹsì kan tí kò ṣeé fà, 35mm tàbí 50mm. Ẹ fún ara yín ní fọ́tò 36 péré. Iye tó sábà máa ń wà nínú róòlù fíìmù kan láyé ìjọ́sí nìyẹn, òun ló sì kọ́ àwọn àgbà wa ní sùúrù.

Tí ó bá jẹ́ Island, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Campos, ẹ rìn láàárín àwọn ilé Àgùdà tí àwọn tó ti Bràsíìlì padà wá kọ́, ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ṣe ń bọ́ sórí ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn. Ẹ rìn dé Freedom Park ní Broad Street. Ẹ̀wọ̀n ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ibẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, ó di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Tí ó bá jẹ́ Mainland, ẹ lọ sí ọjà Òyìngbò, kí ẹ sì ra nǹkan kí ẹ tó ya nǹkan. Ẹ ra ata, ẹ ná an, ẹ bá wọn ṣeré, kí ẹ tó béèrè pé, "Ìyá, ṣé mo lè yà yín lẹ́nu iṣẹ́?" Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, ẹ kọjá. Ẹ má na kámẹ́rà sí ṣọ́jà, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí bárékè. Ẹ má sì dá lọ, nítorí àwọn ọmọ ìta.

Ohun tí ọjà yóò kọ́ yín ni pé ara máa ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Ẹ óò rí i pé èjìká ni ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́ máa ń kọ́kọ́ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá ti mọ èyí nídìí ìsọ̀ ata, ẹ óò mọ̀ ọ́n nígbà tí ìyá ọkọ bá gbé pọ́ọ̀sì rẹ̀ lé àga.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ lọ wo iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú, kí ẹ mú ohun kan tí ẹ óò máa tẹ̀ lé

Tí ẹ bá ń wo fọ́tò àwọn onífọ́tò ìgbéyàwó nìkan lórí Instagram, láìpẹ́ gbogbo yín yóò máa ya fọ́tò kan náà. Ẹ lọ wá iṣẹ́ onífọ́tò J.D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930, tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó sì papò dà ní 2014. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa, irun dídì àti irun kíkó, ó sì ń yà wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ẹ̀yìn orí ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó tún ya gèlè. Ẹ fi iṣẹ́jú mẹ́wàá wo ọ̀kan ṣoṣo, ẹ kò tún ní fojú kékeré wo ẹ̀yìn orí ìyàwó mọ́.

Ẹnì kejì ni Malick Sidibé ti orílẹ̀-èdè Màlì. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, tí òru Sátidé bá dé, yóò máa lọ láti òde kan sí òmíràn ní Bamako, yóò lọ fọ fíìmù náà, yóò sì pàtẹ fọ́tò síta ilé iṣẹ́ rẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ wá mú èyí tí wọ́n fẹ́. Ó ní fọ́tò kan láti 1963 tí ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ń jó, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó rántí kámẹ́rà nínú wọn. Mo máa ń fi í han ọmọ iṣẹ́ tuntun kí n tó fún un ní lẹ́ǹsì.

Ní Èkó níbí, àjọ̀dún fọ́tò tí wọ́n ń pè ní LagosPhoto ti ń pàtẹ iṣẹ́ àwọn onífọ́tò láti 2010. CCA Lagos (Centre for Contemporary Art), tí olóògbé Bisi Silva dá sílẹ̀ ní 2007, ní àkójọ ìwé nípa fọ́tò àti iṣẹ́ ọnà ní Yábàá. Ẹ lọ jókòó kàwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ óò máa yà ní gbogbo òde tí ẹ bá lọ, yálà wọ́n sanwó rẹ̀ tàbí wọn ò san. Èmi mú ọwọ́ tó ń wé gèlè. Mo ti ya ọwọ́ onígèlè tó fi pínnì mẹ́ta há ẹnu, tó fi orúnkún ti ẹ̀yìn ìyàwó kó lè fa ìdí gèlè náà le. Mo ti ya ọwọ́ ìyá àgbà tó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni wé tòun. Ohun yìí ló ń gbé mi dìde ní Sátidé tí ó bá ti rẹ̀ mí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ yà, tàbí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé síta

Ẹ má ya ẹni tí ẹran wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má ya ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ, bó ti wù kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé dára tó. Ẹni tó ń sunkún ìbànújẹ́, bóyá nítorí ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ tó ti lọ, tí ẹ bá yà á, òun nìkan ni kí ẹ fún.

Ní ti owó níná, ẹ mọ̀ pé Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007, ní abala 21, kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti máa ná náírà lé ènìyàn lórí tàbí láti máa jó lórí rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Fọ́tò yín lè di ẹ̀rí. Ojú ẹni tó ń jó ni kí ẹ yà, ó lẹ́wà ju owó lọ, kí ẹ sì gba àṣẹ ẹbí kí ẹ tó gbé ohunkóhun sórí ẹ̀rọ ayélujára.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ padà sí iṣẹ́ yín

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tó sùn, ẹ da fọ́tò náà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sì pa ohun tó wà lórí káàdì rẹ́ títí oníbàárà yóò fi gba iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ayọ̀ òde náà kúrò lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá mẹ́wàá tó burú jù, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé ní ọ̀rọ̀ díẹ̀: "mo pẹ́ dé", "mo jìnnà jù", "mo ń wo ẹ̀yìn kámẹ́rà". Lẹ́yìn òde márùn-ún, ẹ óò rí àṣìṣe kan tó ń padà wá. Òun nìkan ni kí ẹ bá jà ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Tó bá tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ pe ìyàwó. Ẹ kí i, ẹ béèrè ilé ọkọ, kí ẹ wá bi í pé fọ́tò wo ló gbé kọ́ sára ògiri. Ọ̀kan ní Èbúté Mẹ́tta sọ fún mi pé kì í ṣe èyí tí òun àti ọkọ òun dúró sí lábẹ́ òdòdó. Ó ní èyí tí àǹtí òun jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn ni, tó gbé bàtà gíga òun lé itan, tó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò nídìí bàtà náà. Àǹtí yẹn ló tọ́ ọ dàgbà. Mo ṣí àkójọ mi wò, mi ò tilẹ̀ fi fọ́tò náà sínú ogún àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti wọ gbọ̀ngàn, mo máa ń wo ẹ̀yìn kí n tó wo iwájú, mo ń wá ẹni tó gbé bàtà ìyàwó dání.